Ọ̀rẹ́ mi dá ẹran Iléyá padà, ṣùgbọ́n ó gba owó àjọ

IyaMuinat_Ib
Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti Iléyá 2025, mi ò fẹ́ sọ ọ́ torí mo ní kò tó nǹkan, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ní mo ti gbàgbé ẹ̀ ló tún máa ń yọjú.

Èmi àti ẹnì kan, ẹ jẹ́ n pè é ní Ìyá Tólú (kì í ṣe orúkọ ẹ̀ o), a ti ń ṣọ̀rẹ́ láti JSS 1. Èmi ni mo gbé àkọ́bí ẹ̀ jáde ní ọsibítù. Tó bá di Iléyá, kí n tó ti Yídì dé á ti wà nílé wa, á wé gèlè àtijọ́ mọ́rí, á jókòó ti agbada, òun ló máa ń dín ẹran torí ó ní èmi máa ń jẹ́ kó gbẹ jù. Tó bá di Kérésì èmi náà á kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, a jọ máa ń gé àlùbọ́sà pẹ̀lú ẹkún ni. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ó wá yí ṣọ́ọ̀ṣì padà. Mi ò rí ìyẹn bí nǹkan kan, ibi tó bá wu kálukú ni kó ti sin Ọlọ́run. Iléyá yẹn kò wá, mo ní bóyá ara ẹ̀ ò yá. Mo bá di ẹran sínú kúlà, itan kan ní tútù àti igẹ̀ tí mo ti dín, mo fi tépù lẹ ìdérí ẹ̀ kí òróró má baà dà sí ọkọ̀, mo ní kí àwọn ọmọ gbé e lọ. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé tí mégáàdì ilé wọn fi gbé kúlà wọlé wá. Tépù mi ṣì wà lórí ẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣí i wò. Ó ní "màdáámù ní kí n sọ pé àwọn dúpẹ́, pé àwọn ò jẹ ẹ́ mọ́."

Mo pè é, kò gbé e. Alẹ́ ló tó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n má bínú, wọ́n ti kọ́ àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹran ẹbọ ni, pé òun ti bá ayé àtijọ́ pínyà. Ẹ gbọ́ o, èmi ni ayé àtijọ́.

Ibi tó wá dùn mí jù rèé. Èmi ni mo ń gba owó àjọ àwa obìnrin kan jọ, òun náà wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé Iléyá, òun ló kàn láti kó. Mo san án sínú àkáǹtì ẹ̀, ó gbà á wẹ́rẹ́, ó tún fi àdúrà gígùn ránṣẹ́ sí mi. Ẹran ọwọ́ mi ló ní ẹbọ nínú, owó ọwọ́ mi ò ní.

Ẹ má bá mi bú u o, mi ò fẹ́ ìyẹn. Mo kàn ń béèrè ni, ṣé ọ̀rẹ́ ṣì ni wá?

Alamu_Oko
Haaa! "Owó ọwọ́ mi ò ní." Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi wá wo ohun tó ń ṣe mí. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Èmi Kátólíìkì ni, ẹni tó ń gbé lókè wa Mùsùlùmí. Ní 2025 Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Ash Wednesday wa bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún, gbogbo ilé wá di ilé ààwẹ̀, ebi ń pa wá lókè, ó ń pa wá nísàlẹ̀, ìyá onímọ́ínmọ́ín àdúgbò ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á gbé ọ̀gì àti àkàrà wá fún wa. Ta ló fẹ́ béèrè pé wọ́n ké Bísímílà sórí àkàrà?

Mama_Tobi
Ìyá Múínà, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ọmọ Áńgílíkà. Bàbá mi jẹ́ bàbá ìjọ, ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá jẹ́ Alhaji, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ìdánà kan náà ni àwọn ìyàwó wọn ń lò. Tí Alhaji bá ń kírun, bàbá mi á ní kí àwa ọmọdé dákẹ́ ariwo. Tí bàbá mi bá ń kọ orin Advent, Alhaji á máa fi ẹsẹ̀ lùlù sí i, á tún ní ohùn wọn ò dáa.

Ẹ wo Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wá wò báyìí ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n lọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí gbogbo régbérégbé ló ń jáde, ta ló ń béèrè ẹ̀sìn ẹni tó wà lórí ẹṣin? Aṣọ la ń wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ síbí yìí, tí Ìyá Tólú bá kà á ńkọ́? Mégáàdì, kúlà, àjọ, ó máa mọ̀ pé òun ni.

IyaMuinat_Ib
Mà, ẹ ṣé. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Mo yí àwọn nǹkan kan padà, ẹni tí kò bá sí láàárín wa ò lè mọ̀ ọ́n. Òun ní tiẹ̀, tó bá kà á, kó kà á. Mo ti pè é títí, kò gbé e. Ibi tí mo ti lè sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan á gbọ́ náà ni mo wá yìí.

Seyi_RT
Ẹ̀yin màmá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú sí mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbèjà Ìyá Tólú díẹ̀. Bíbélì ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:29 ní ká takété sí ohun tí wọ́n fi rúbọ sí òrìṣà. Kọ́ríńtì kìíní, orí 10, ẹsẹ 28, ní tẹ́nì kan bá sọ fún ọ pé wọ́n ti fi rúbọ, má jẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ò bá gbà á, ẹ má fipá mú un. Kì í ṣe pé ó kórìíra yín mà, ìgbàgbọ́ ẹ̀ ló ń tọ̀.

Alfa_Oke
As-salaamu alaykum. Arákùnrin Ṣèyí, mo bọ̀wọ̀ fún ìwé yín, mo tiẹ̀ ti kà á. Ẹ ka ẹsẹ 28, ẹ fo ẹsẹ 25. Pọ́ọ̀lù ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń tà lọ́jà, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má béèrè.

Ẹ wá sọ fún mi, ẹran tí Ìyá Tólú ń rà ní Bódìjà, ta ló pa á? Àwọn alápatà Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ wọn Mùsùlùmí ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn màlúù wọ́n ti ké Bísímílà. Ṣáwámá, súyà, ọbẹ̀ ìnáwó ìyàwó, ẹran Bísímílà ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó wá ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá nìkan ló di ẹbọ?

Ohun kejì, a kì í fi ẹran Iléyá rúbọ sí òrìṣà kankan. Suratul Hajj, ẹsẹ 37, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ sọ pé ẹran wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ òun, ìbẹ̀rù Ọlọ́run yín ló ń dé ọ̀dọ̀ òun. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pín in, kí onílé jẹ, kí ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò jẹ, kí aláìní náà jẹ. Tí ọ̀rẹ́ bá dá tiẹ̀ padà, ìpín ẹ̀ ló dá padà.

Seyi_RT
Àlùfáà, mo gbà pé ẹran ọjà wà. Ẹran ọjà, mi ò mọ ibi tó ti wá. Èyí, mo mọ̀ pé ọdún ni wọ́n fi ṣe. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o.

Sisi_Peckham
Ẹ dákun ẹ wá wo wa níbí o 😂 Ní Rye Lane, àwọn alápatà tá a ti ń ra ẹran ewúrẹ́, halal ni wọ́n kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló máa ń ṣáájú wa lórí láìnì. Ẹran ẹ̀ ló fi ń se ọbẹ̀ anniversary ṣọ́ọ̀ṣì. A ti ń jẹ Bísímílà láti ọjọ́ tá a ti dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́nì kankan tó ní ẹ̀rí ọkàn òun ń da òun láàmú. Ó dà bíi pé ẹ̀rí ọkàn yìí kì í gba físà.

Omo_Alagbede
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látàárọ̀, mo kàn ń mi orí. Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ẹran àgbò. Àwa ńkọ́?

Ilé wa ní Ọ̀yọ́, ilé alágbẹ̀dẹ, Ògún là ń bọ. Tá a bá ṣọdún, ta ló ń gba ẹran lọ́wọ́ wa? Onígbàgbọ́ ò gbà á, Mùsùlùmí ò gbà á. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi máa ń se ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ fún ọdún Egúngún, wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á ní n gbé e yíká àdúgbò. Àwọn kan á gbà á, á ṣe bíi pé inú wọn dùn, mo máa padà rí ọ̀lẹ̀ ìyá mi lójú gọ́tà. Mo rí i, ẹ ò sọ fún mi. Ìyá mi ò mọ̀, mi ò sọ fún wọn títí wọ́n fi kú.

Orin wa kan ní ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé. Àwa ta a ti ń bẹ níbẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì tó dé, a ò dá oúnjẹ yín padà rí. Mo ń jẹ Iléyá, mo ń jẹ Kérésì, mo tiẹ̀ ń jẹ Ìsítà.

Ìyá Múínà, mi ò fi bú yín o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé ẹran ọdún Ògún wá fún yín lọ́la, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?

Alamu_Oko
Ọ̀rọ̀ dé 😳

IyaMuinat_Ib
Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ìbéèrè yín dáa, mi ò ní fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Rárá, mi ò ní jẹ ẹ́. Kùránì sọ ọ́ pàtó pé ohun tí wọ́n bá pa ní orúkọ míì yàtọ̀ sí ti Ọlọ́run, ká má jẹ ẹ́. Mi ò lè yí ìyẹn padà torí pé ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ó sì dùn mí lóòótọ́, ti ọ̀lẹ̀ ojú gọ́tà yẹn.

Àmọ́ ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti JSS 1, mi ò ní rán mégáàdì. Màá ti sọ fún yín kí ọdún tó dé pé "ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè jẹ ti inú ọdún, bá mi fi iṣu àti epo tèmi sílẹ̀ lọ́tọ̀, mò ń bọ̀ wá bá ẹ jókòó." Màá wá. Màá bá yín gba àlejò. Òun tí kò wá ló ń dùn mí ju ẹran lọ. Ká ní ó wá tí kò fẹnu kan nǹkan kan, tó mu omi nìkan, tó jókòó ti agbada kó máa sọ fún mi pé mo ń jẹ́ kó gbẹ jù, ẹ̀ bá rí i bóyá màá wá síbí wá kọ nǹkan kan.

Omo_Alagbede
Mo gbọ́ yín. Ìdáhùn gidi nìyẹn. Ó ṣì ku díẹ̀ káàtó o, àmọ́ mo gbọ́.

Kola_Gbedu
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ń fi Bíbélì àti Kùránì wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ ò rí "mégáàdì" tí ìyá kọ ni? Ìyá Tólú ti kó lọ sí ẹsíteètì. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ẹsíteètì tuntun, ọ̀rẹ́ tuntun. Irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ńlá ńlá ni wọ́n jọ ń jókòó. Kò fẹ́ kí wọ́n rí obìnrin tó so ìbòrí tó ń gbé kúlà wọ géètì ni. Ẹ̀sìn kọ́, ipò ni. Àwọn tó tiẹ̀ lówó gan-an kì í bá ara wọn jà lórí ẹ̀sìn. Ààrẹ Tinubu Mùsùlùmí ni, ìyàwó ẹ̀ pásítọ̀ ni ní Rìdíìmù. Ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n dá ẹran padà fún ara wọn?

IyaMuinat_Ib
Kọ́lá, ó ti wù mí kí n gba èyí gbọ́ torí ó rọrùn, màá kàn ní owó ló gùn ún, màá sì sinmi. Àmọ́ irọ́ ni màá pa. Mo mọ Ìyá Tólú. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, mọ́sáláṣí wa ló bá wa gba àga àti àtíbàbà láìgba kọ́bọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ fẹ́ lé e jáde nílé, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yìí ló bá a rí lọ́yà, ló bá a san owó ilé tuntun, ẹsíteètì tẹ́ ẹ ń wí yẹn, àwọn ló gbà á fún un. Ẹni tó bá ràn ẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ní kó o má jẹ, wàá jẹ ẹ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má bú u.

Kola_Gbedu
Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ò sọ ìyẹn látòkè. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn o.

Bayo_Osogbo
Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Ní 1993 Abíọ́lá gbé Kingibe ṣe igbákejì, Mùsùlùmí pẹ̀lú Mùsùlùmí, bàbá mi tó jẹ́ díákónì ló ń gbé pósítà ẹ̀ lẹ ògiri ilé wa. Kò sẹ́nì kankan tó wí nǹkan kan ládùúgbò. Ní 2023 Tinubu gbé Shettima, irú ẹ̀ náà ni, ẹ rántí bí gbogbo ayé ṣe gbóná, bí WhatsApp ìdílé wa ṣe pín sí méjì. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?

Èmi rò pé ilé ẹ̀kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ tó ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè so híjáàbù níléèwé jáde ní Ọ̀ṣun ní 2016, àwọn ọmọ iléèwé kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ tó jọ ń jẹ gúgúrú lánàá! Ní Kwara ní 2021 ìjọba ní láti ti àwọn iléèwé kan pa nítorí híjáàbù kan náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ti Èkó ní 2022, wọ́n ní kí ọmọ tó bá fẹ́ so ó so ó. Mi ò ní ẹjọ́ náà ò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn òbí ni wọ́n ń jà, àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́ ọ mọ́. Ọmọ tó bá wọ aṣọ akọrin lọ láti fi bínú sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní 2016 ti di àgbà báyìí.

Alfa_Oke
Àtijọ́ náà ní ìjà tiẹ̀ o, Báyọ̀, ẹ má jẹ́ ká fi oyin pa á. Àmọ́ mo gbà pé a ti ń kọ́ ara wa ní ìpínyà. Àwa náà ní àwọn oníwàásù tó ń sọ pé ẹni bá kí onígbàgbọ́ kú ọdún Kérésì ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Èmi kì í sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí mi, wọ́n sì ti torí ẹ̀ pè mí ní orúkọ tí mi ò lè kọ síbí.

Aguda_Ajase
Ẹ kú ìjókòó o, láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ, èyí táwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ẹ wá wo mọ́sáláṣí ńlá wa. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé ló kọ́ ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1912. Tí àlejò bá rí i á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀yin ará Èkó náà ní tiyín, Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló ya bó ṣe máa rí. Ọwọ́ tó kọ́ ilé Jésù náà ló kọ́ ilé ìkírun.

IretiOluwa
Ẹ káalẹ́. Èmi àti Ìyá Tólú jọra, mo ti gba Jésù, mi ò jẹ ẹran Iléyá mọ́. Ẹ má yìnbọn sí mi. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi Rískà ń ta aṣọ ní Gbági. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá tó dé mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un lójú ara ẹ̀. Ó bínú. Ó yọ mí kúrò lórí àga, ó ní n dìde lórí àǹkárá òun. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ọdún dé mo lọ síbẹ̀, mo ra mínírà lọ, mo bá wọn fọ abọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ó wá sọ fún àwọn àlejò ẹ̀ pé "ẹ má fún eléyìí lẹ́ran o, pásítọ̀ ẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn, Rískà máa ń ra tìtùs sílẹ̀ dè mí. Tìtùs! Ó ní òun ò ráyè pa adìyẹ méjì torí ẹ̀rí ọkàn mi.

Ìyá Múínà, ẹ̀rù ló ba ọ̀rẹ́ yín. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe é bíi pé tó bá fẹsẹ̀ kan ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́, gbogbo ohun tó ti rí gbà á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ lọ bá a. Kì í ṣe lọ́jọ́ ọdún.

Seyi_RT
Sister Ìrètí, ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, tèmi kàn jáde bí ìwàásù ni. Ẹ kú iṣẹ́.

Mama_Tobi
Ọ̀rọ̀ Ìrètí ni kẹ́ ẹ mú, Ìyá Múínà. Ẹ má sì yọ ọ́ kúrò nínú àjọ o. Mo mọ̀ pé ó ti ń ṣe yín bẹ́ẹ̀.

IyaMuinat_Ib
Mà, ẹ mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ 😅 Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mi ò ní yọ ọ́. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́, owó yẹn ló fi ń san owó iléèwé. Màá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́, tí kì í ṣe ọjọ́ ìsìn ẹnikẹ́ni. Tí mégáàdì ò bá jẹ́ kí n wọlé, màá jókòó tì í.

Omo_Alagbede
Ẹ dáa. Kó tó di ìgbà náà, ọdún Ògún ilé wa ń bọ̀. Gbogbo yín ni mo pè. Ẹni tí kò bá jẹ ẹran, iṣu wà. Àlùfáà Òkè, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ rí.

Alfa_Oke
Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò ní mọ́sáláṣí ni? Orúkọ tí wọ́n ń pè mí kò tíì tó?

Omo_Alagbede
Ẹ wá lálẹ́ nígbà náà, iná kì í kúkú sí lọ́dọ̀ wa 😂